Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ há sínú ẹyin: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, àti ìgbà tẹ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án

Látìgbà tí mo ti ń sin pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìnkùlé wa ní Kubwa, ní Àbújá, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mi ti dá ẹyin lu látàná, kò tíì jáde, ṣé kí n bá a bó o?" Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ láago méjì òru, ẹlòmíì ti bó ìdajì kó tó béèrè, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ó wá ń bi mí pé kí lòun máa ṣe báyìí. Tí ọyẹ́ bá wá ti mú, ìbéèrè yẹn á di méjì lójúmọ́. Mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn kúkúrú fẹ́ni tí ò ráyè kà á tán: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má bó o. Ẹ bu omi kún inú ínkúbétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ẹyin gbóná títí á fi pa, ẹ dé e, ẹ lọ sùn. Àwọn ọmọ tó kú lọ́wọ́ èmi fúnra mi níbẹ̀rẹ̀, ìkánjú mi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹyin ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ ẹ̀ dáadáa

Pẹ́pẹ́yẹ tó pọ̀ jù níbí, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí tó ń rìn kiri ní Gwagwalada àti Kuje, tó ní kókó pupa lójú, tí akọ ẹ̀ kì í ké, tó kàn máa ń ṣe hàà hàà bí ẹni tí ohùn ti há, Muscovy ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ 35 ló ń lò nínú ẹyin. Òmíì á pa ní ọjọ́ 33, òmíì á fà á dé 37. Èyí funfun tí àgógó ẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ń pè ní Pekin, ọjọ́ 28 ni tiẹ̀. Adìẹ, ọjọ́ 21.

Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, àmọ́ ẹ ò mọ iye èèyàn tó ti ń bó ẹyin Muscovy lọ́jọ́ 29 torí pé ẹni tó ta ẹyin fún wọn lọ́jà Dei-Dei sọ pé ọjọ́ 28 ni. Àgwàgwà làwọn Háúsá ń pe méjèèjì, ẹni tó ń tà á lè má bá yín pín in níyà, ẹ wo ìyá tó yé e tẹ́ ẹ bá lè rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìẹ kó bá yín sàba lé e, ẹ ṣọ́ra. Tí ẹyin adìẹ náà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ 21 tí ọmọ tiẹ̀ bá ti jáde ó máa dìde, ó máa kó wọn lọ, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ á tutù síbẹ̀. Ẹyin Muscovy gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ 14 kẹ́ ẹ tó fi ẹyin adìẹ sí i, ti Pekin ọjọ́ 7. Ohun kejì ni pé pẹ́pẹ́yẹ máa ń lọ wẹ̀, á fi ìyẹ́ tútù padà wá jókòó sórí ẹyin, adìẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹyin yẹn lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìgbà tí adìẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun.

Bó ṣe máa ń jáde tí kò bá sí wàhálà

Ẹ kà á dáadáa o, torí ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

1. Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin tó fẹ̀, ẹ máa rí àyè kan tó mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ló wà níbẹ̀. Ọmọ máa kọ́kọ́ fi àgógó gún awọ tó wà láàárín òun àti àyè yẹn. Ẹ máa rí òjìji àgógó tó ń mì, ẹ sì lè máa gbọ́ tó ń ké "fíì fíì" láti inú. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀dọ̀fóró mí.
2. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 12 sí 48, á dá èèpo lu níta. Ẹ máa rí ojú kan tó sán, tó wú síta díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìka tì í láti inú.
3. Á wá dákẹ́. Kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Ó lè dákẹ́ fún wákàtí 24, ó lè tó 48, Muscovy tiẹ̀ tún lè fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.
4. Nígbà tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, á máa gé èèpo kiri bí ìgbà tẹ́ ẹ ń fi ọ̀bẹ ṣí agolo mílíìkì. Ibí yìí kì í pẹ́, wákàtí kan sí mélòó kan, ó ti jáde tán.

Ìpele kẹta yẹn ló ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ní Nàìjíríà ju àwòdì lọ. Ẹ máa rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ àbí ó ti ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ló ń lọ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ tó yí i ká ń padà sínú ara ẹ̀, pupa ẹyin tó kù sì ń gba ojú ìdodo wọ inú ikùn ẹ̀, ìyẹn ló máa jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá bó èèpo nígbà yẹn, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ ló ń já. Ẹ̀jẹ̀ inú ọmọ tó kéré tó yẹn, mélòó ló fẹ́ dà kó tó tán?

Kí ló máa ń fà á tó fi ń há

Níbí, ọyẹ́. Ẹ lè dárúkọ nǹkan mẹ́wàá míì, ẹyin tó pẹ́ nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e, ìyá tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ooru tó lọ sílẹ̀ tó fi pẹ́, ooru tó pọ̀ jù tó fi yá kí pupa ẹyin tó wọlé tán, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àmọ́ láti Nòfẹ́ńbà dé Fẹ́búárì ní Àbújá, Kàdúná, Jos, ẹ wo bí ètè wa ṣe ń là, ẹ wo bí aṣọ tẹ́ ẹ sá ṣe ń gbẹ kí ẹ tó yíjú padà. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń wọ inú ínkúbétọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí i pé ẹ fẹ́ wò ó, ọ̀rinrin inú ẹ̀ á fò lọ, awọ tó wà nínú ẹyin tó ti dá lu á gbẹ, á fún mọ́ ọmọ lára bí ìgbà tí wọ́n fi nylon wé e, kò ní lè yí orí mọ́. Ọmọ tó há gan-an nìyẹn.

Torí náà, ínkúbétọ̀ tó ní fáànù: ooru 37.5°C, ọ̀rinrin bíi 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kó pa, ẹ má yí ẹyin mọ́, ẹ gbé ọ̀rinrin lọ sí 70 sí 75, ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ò ní fáànù, irú èyí tá a fi kúláà ṣe nílé, ooru ẹ̀ máa ga díẹ̀ sí i, bíi 38.5°C, kí tẹmómítà wà ní ìbámu orí ẹyin, kó má wà nílẹ̀ níbi tó tutù. Lásìkò ọyẹ́, abọ́ omi kan ò lè tó, kàn-ìn-kàn-ìn tẹ́ ẹ rì sómi tẹ́ ẹ gbé dúró nínú abọ́ ló dáa jù, omi á máa gun òkè látinú ẹ̀.

Ṣé kí n ràn án lọ́wọ́ àbí kí n fi sílẹ̀?

Àwọn kan máa ń sọ pé èyí tí ò bá lè dá jáde, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú, torí kò lágbára. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé èmi ni mo jẹ́ kí omi gbẹ nínú ínkúbétọ̀, ẹ̀bi tèmi ni, mo máa ràn án lọ́wọ́. Tó bá wà lábẹ́ ìyá ẹ̀, tí ọ̀kan ṣoṣo wá kẹ́yìn nínú méjìlá, mo máa ń fi sílẹ̀ ni. Èyí tí mo bá fọwọ́ yọ, mi ò kì í fi ṣe ìyá àbí bàbá tó bá dàgbà.

Ẹ lè ràn án lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé:

- ó ti lé ní wákàtí 48 tó ti dá èèpo lu, Muscovy kó tó bíi 60, tí ò sí ìyàtọ̀ kankan
- awọ tẹ́ ẹ rí lójú ihò ti gbẹ, ó funfun hàn-ìn bíi bébà, tàbí ó ti di bíráùn bí awọ bàtà
- ó ti gé èèpo dé ìdajì, ó wá dúró, ìyẹ́ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ etí èèpo
- igbe ẹ̀ tó le tẹ́lẹ̀ ti ń relẹ̀
- àwọn tó kù ti jáde láti àná

Ẹ má fọwọ́ kàn án tó bá jẹ́ pé:

- kò tíì pé wákàtí 24 tó dá a lu
- awọ ṣì tutù, ó ń dán, ẹ ń rí okùn pupa nínú ẹ̀, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀
- ó ń ṣí àgógó ó ń pa á dé bí ẹni ń jẹ nǹkan lẹ́nu, ìyẹn fi hàn pé pupa ẹyin ṣì ń wọlé
- ìwọ fúnra ẹ ló ń kánjú torí ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, o sì ní iṣẹ́ ní Central Area

Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àwàdà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀

Ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ojú. Kọ́tìnbọ́dì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ tó mọ́, kó lọ́ bí èyí tẹ́ ẹ fi ń wẹ ọmọ jòjòló. Adí àgbọn díẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù. Pẹ́ńsù, kì í ṣe báírò. Aṣọ inura kékeré tẹ́ ẹ rì sómi gbígbóná tẹ́ ẹ fún. Ìyẹ̀fun àgbàdo inú ọ̀rá díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀. Spírítì tẹ́ ẹ fi nu ẹ̀mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kó tó kan ẹyin.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ fi í sọ́kàn pé iṣẹ́ yìí lè gba ọjọ́ kan gbáko, ìṣẹ́jú márùn-ún iṣẹ́, wákàtí mẹ́fà ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ. Ẹni tó bá ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan náà ti ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ.

1. Ẹ pa fáànù yàrá, ẹ ti fèrèsé, ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ mú ẹyin kan ṣoṣo jáde, ẹ dé ínkúbétọ̀ kíákíá torí àwọn tó kù. Ẹ fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn wé ẹyin, kí ojú ihò wà níta.

2. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí tó fẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ibi tí àyè atẹ́gùn parí sí. Òkè ìlà yẹn nìkan lẹ láṣẹ lé lórí. Ìsàlẹ̀ ẹ̀, tọmọ ni.

3. Ẹ fi ẹ̀mú ṣẹ́ èèpo bíńtín bíńtín láti ojú ihò, lókè ìlà, títí ihò á fi tó èékánná àtàǹpàkò. Èèpo àti awọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ló máa já, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Awọ kejì tẹ́ ẹ bá rí tó bo ọmọ, ẹ má ya á o.

4. Ẹ fi kọ́tìnbọ́dì tẹ́ ẹ rì sómi tàbí adí àgbọn pa awọ kejì yẹn. Kó tutù, kó má ṣàn. Tó bá ti tutù, ẹ máa lè ríran kọjá nínú ẹ̀ bí nylon, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ á hàn. Ẹ yẹra fún ihò imú tó wà lórí àgógó, òróró tó bá dí i ti pa á nìyẹn.

5. Ẹ wò ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí okùn pupa tó ní ẹ̀jẹ̀, ẹ dúró. Ẹ dá a padà sínú ínkúbétọ̀, kí ihò kọjú sókè, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá tún wò ó tí okùn ṣì wà, ẹ tún fún un ní mẹ́fà míì. Mo ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí ẹyin kan rí, Ìyàwó mi ní ṣé ẹyin ni mò ń pa àbí mò ń ṣọ́ aláìsàn.

6. Tí okùn pupa ò bá sí mọ́, tàbí ó ti di ìlà tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú ẹ̀, ẹ wá àgógó. Ẹ ya awọ tó wà lórí àgógó nìkan, kí ihò imú méjèèjì gba afẹ́fẹ́. Ẹ dá a padà. Púpọ̀ nínú wọn, ohun tí wọ́n ń wá ò ju ìyẹn lọ, tó bá ti mí dáadáa tí awọ sì ti rọ̀, ẹ máa bá a níta láàárọ̀.

7. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì wà níbẹ̀, tí ò jẹ nǹkan lẹ́nu mọ́, tó wá ń ta ara ẹ̀, ẹ ṣẹ́ èèpo yí po lórí ìlà pẹ́ńsù yẹn títí orí ẹyin á fi ṣí bí ìdérí. Ẹ máa fi omi pa awọ bẹ́ ẹ ṣe ń ya á. Orí ẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ apá ọ̀tún, ẹ rọra gbé e jáde, ẹ má fa ọrùn.

8. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fi ìdajì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ gbé e padà, kó fi ẹsẹ̀ ti ara ẹ̀ jáde. Ìtì yẹn ṣe pàtàkì fún ẹsẹ̀ ẹ̀, ìdodo sì lè ṣì so mọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tẹ́ ò ti lè rí i.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nígbàkígbà, kó jẹ́ ẹ̀kán kan ni, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ fọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi kọ́tìnbọ́dì gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́ títí á fi dá, ẹ gbé e padà, ẹ má sì tún kàn án mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀kán kan kì í sábà pa á. Èyí tó ń pa á ni ti ẹni tó rí ẹ̀jẹ̀ tó wá ń sáré bó o kó lè tètè jáde.

Àwọn tó dojú rú

*Ó gba orí ṣóńṣó dá a lu.* Kò rí àyè atẹ́gùn lò nìyẹn, ìlà pẹ́ńsù ò sì wúlò fún yín. Òmíì á jáde fúnra ẹ̀ ná. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ò pọ̀: ẹ fẹ ihò yẹn díẹ̀ kó lè mí, ẹ máa fi omi pa á, ẹ sì ní sùúrù ju ti àwọn tó kù lọ torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lágbègbè yẹn. Ẹ máa ṣẹ́ èèpo díẹ̀díẹ̀ síbi tí awọ ti gbẹ ẹ̀jẹ̀ nìkan.

*Ẹ ń gbọ́ igbe, àgógó ti wọ àyè atẹ́gùn, àmọ́ kò dá èèpo lu.* Tó bá ti lé ní wákàtí 24 dáadáa tó ti wà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ lè ti máa tán lọ. Ẹ fi spírítì nu abẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ yí i wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ lójú kan ní góńgó àyè atẹ́gùn, ihò tí ò ju orí pínnì lọ. Bó bá ti wọlé báyìí, ẹ fà á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì ní wákàtí púpọ̀ níwájú, ẹ kà á bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lu.

*Ó ti jáde, pupa ẹyin ṣì so mọ́ ikùn ẹ̀.* Ẹ má gé e, ẹ má fà á, ẹ má tì í wọlé. Ẹ tẹ́ tíṣù tútù sínú ife kékeré, ẹ gbé ọmọ sínú ẹ̀ kó jókòó bó ṣe jókòó nínú ẹyin, kó má lè máa yí kiri, ẹ gbé ife yẹn sínú ínkúbétọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà á wọlé lọ́jọ́ kejì. Tó bá ti bẹ́, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù.

*Ọjọ́ ti kọjá, kò sí igbe, tọ́ọ̀ṣì ò fi ohunkóhun hàn tó ń mì.* Tó bá ń rùn, ẹ gbé e jáde jẹ́jẹ́, ẹ má fọ́ ọ nítòsí àwọn tó kù. Àwọn kan máa ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé ẹyin lé omi kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Ẹyin tó ti dá lu, tẹ́ ẹ bá gbé e sómi, ẹ ti rì í pa nìyẹn.

Tí iná bá lọ láàárín ẹ̀

Ó máa lọ. Ẹ má jẹ́ kó ká yín lára jù, ẹyin tó ti fẹ́ pa ní ooru tiẹ̀ nínú, ó lè fara dà á fún wákàtí mélòó kan tẹ́ ẹ ò bá ṣí ìdérí. Ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò oníke méjì, ẹ fi aṣọ wé wọn, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ínkúbétọ̀ àmọ́ ẹ fi ojú afẹ́fẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi tó bá ti tutù. Jẹnẹrétọ̀ ní ìta gbangba o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ẹyin àti ẹ̀yin fúnra yín wà pé ẹ ń wá ooru, èéfín ẹ̀ tí kò lóòórùn lè pa gbogbo yín.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn

Ṣíṣí ínkúbétọ̀ lọ́gbọ̀n ìgbà lóòjọ́ láti ya fídíò sí status. Mo mọ̀ pé ó ń dùn, ẹ ya á láti ojú gíláàsì.

Fífọ́n omi tútù látinú fíríìjì sí ẹyin tó gbóná. Lílo fasilíìnì rẹpẹtẹ títí ihò imú fi dí, adí àgbọn díẹ̀ dáa jù, tí ò bá sí, omi lásán. Gbígbé ọmọ tí ara ẹ̀ ṣì tutù jáde torí pé ó ń ké, ó ń ké torí pé ó wà láàyè, igbe ẹ̀ tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn tó kù nínú ẹyin ta kìjí. Kí ọmọdé máa bá yín ṣe é láì fọ ọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀, omi ara ẹyẹ máa ń kó àìsàn inú rírun ran èèyàn, gbogbo yín ẹ fọ ọwọ́.

Ẹnì kan wà tó bó ẹyin mẹ́jọ lálẹ́ ọjọ́ kan torí pé ẹ̀kẹsàn-án ti jáde. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kú. Ọmọ inú ẹyin kì í jáde lọ́jọ́ kan náà bí ìgbà tí wọ́n pe orúkọ wọn, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló lè wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn.

Ó ti jáde

Ẹ fi sílẹ̀ nínú ínkúbétọ̀ títí ìrun ẹ̀ á fi gbẹ tó máa fẹ́lẹ́ bí òwú, wákàtí 12 sí 24. Èyí tẹ́ ẹ ràn lọ́wọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde, ìyẹ́ ẹ̀ sì lè le gbagidi torí omi ẹyin tó gbẹ sí i lára, ẹ fi kọ́tìnbọ́dì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lọ́jọ́ kejì, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ ni lóòótọ́, àmọ́ èyí tí ò sí lábẹ́ ìyá kò tíì ní òróró lára, omi á wọ̀ ọ́ lára, òtútù á mú un.

Brúdà, ìyẹn àpótí tẹ́ ẹ ti máa mú ọmọ gbóná lẹ́yìn ínkúbétọ̀, kó wà ní 32 sí 35°C lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa fi bíi 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ inura tàbí rọ́bà tó ní ojú gbágungbàgun sílẹ̀ fún un, ẹ má tẹ́ ìwé ìròyìn, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á là sọ́tùn-ún sósì. Omi mímu kó jìn tó ihò imú ẹ̀ torí ó máa ń fi omi fọ imú, àmọ́ ẹ kó òkúta sínú abọ́ kó má lè wọ inú ẹ̀.

Oúnjẹ ọmọ adìẹ dáa fún un, ẹ fi omi pò ó díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò fítámì B3 ju ọmọ adìẹ lọ, tí ò bá rí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wọ́, á máa fi orúnkún rìn. Ẹ máa wọ́n brewer's yeast, ìyẹn íìsì tí wọ́n fi ń pọn bíà, díẹ̀ sí oúnjẹ ẹ̀ lójoojúmọ́, ìsọ̀ oògùn ẹran ní wọ́n ti ń tà á. Íìsì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì kọ́ o, ìyẹn á wú sí i nínú.

Tí ẹsẹ̀ bá ti là sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń jókòó bí ọ̀pọ̀lọ́ tí ọkọ̀ gùn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ ya pílásítà tín-ín-rín, ẹ fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní òkè ojúgun bí ṣẹkẹṣẹkẹ, kí àyè wà láàárín wọn bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń wà tó bá dúró dáadáa. Ẹ tú u wò lójoojúmọ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ti tó.

Tí ìyá pẹ́pẹ́yẹ kan bá wà nílé tó ní ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, ẹ lè fún un tọ́. Àmọ́ ẹ dúró kílẹ̀ ṣú, kẹ́ ẹ rọra tì í sábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀ nínú òkùnkùn láì tan iná. Tó bá jẹ́ ọ̀sán, ó lè wò ó pé kì í ṣe tòun, kó ṣá a pa. Lówùúrọ̀ kùtù, kí wọ́n tó jáde, ẹ lọ wo bó ṣe gbà á.